Okùn Iṣan

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé lórí òkun tó dì gbagidi lẹ́yìn Qaanaaq,
ajá-òkun kan ò yọrí wá mí.
Ọ̀rá ara Ivalu ti tán;
ara wá ń yọ igi àjà ilé, ó ń fi í dáná:
iṣan itan, iṣan apá tó fi ń ju ọ̀kọ̀.
Okùn-iṣan sì ni ìtumọ̀ orúkọ tí ìyá sọ ọ́.

Ásíìdì amínò kì í dédé wọ ààrò.
Ẹ̀dọ̀ á kọ́kọ́ bọ́ naitirójìnì lọ́rùn rẹ̀,
á sọ májèlé di yúríà,
á fà á lé kíndìnrín lọ́wọ́.
Egungun tó ṣẹ́kù ló ń jó.

Ivalu tọ̀ sórí yìnyín.
Ó pọ́n bíi tíì àná.
“Èmi rèé,” ló wí, “mò ń ṣàn lọ.”
Ó gbé ọ̀kọ̀,
ó tún lóṣòó síbi ihò.