Owó Tó Sùn Lọ́nà

Lọ́jọ́rú, Gbádégẹṣin dúró níwájú ẹ̀rọ mi
ní òpópónà tí àwa atẹ̀wé pọ̀ sí bí èèrùn ní Ṣómólú,
ó na fọ́tò ìyá rẹ̀ sí mi,
màmá tó wé gèlè, tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí a ò rí.
Ọ̀ọ́dúnrún ìwé ìsìnkú, ojú ewé méjìlá.
Ọjọ́ Ẹtì ni òkú ń wọlẹ̀.
Ó tẹ fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, "Ó ti lọ."
Mo wo tèmi. Mo ní, "Kò tíì dé."

A jọ dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń retí ọkọ̀ ojú omi.
Òrùka kékeré kan ń yí lójú gíláàsì,
ó ń yí bí ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀.
Ó fi tirẹ̀ hàn mí: wọ́n ti yọ ọ́.
Mo fi tèmi hàn án: òfìfo.
Kò sí òpùrọ́ nínú wa,
síbẹ̀ irọ́ wà níbẹ̀,
ó fà àga, ó jókòó sáàárín àwa méjèèjì.

Ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án náírà, ibo lo sùn lálẹ́ àná?
Ta ló tẹ́ ẹní fún ọ,
ta ló gbé omi ìwẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé dè ọ́?
Ìwọ tí o ò lẹ́sẹ̀, kí ló gún ọ lẹ́sẹ̀?
Láti Ìkẹjà sí Ṣómólú, arúgbó tó ń tẹ̀pá
á ti dé, á ti jẹun,
á ti máa ráhùn nípa ooru ilé wa.

Mo pe àwọn tó ni áàpù.
Ohùn obìnrin kan tí kì í ṣe obìnrin
ní kí n tẹ oókan, kí n tẹ eéjì,
ó ní àwọn mọyì mi.
Nígbà tí ọmọ ènìyàn dáhùn níkẹyìn, ó ní,
"Ẹ ní sùúrù, sà, wákàtí mẹ́rìnlélógún."
Lọ́jọ́bọ̀, ó di méjìdínláàádọ́ta.
Sùúrù!
Ìyá Ṣùwébátù oníbébà kì í gba sùúrù,
kì í kà á, kì í wọ̀n ọ́n,
ó ní òun náà jẹ gbèsè ní Apápá.

Ládùúgbò wa níbí, wọ́n ń pa ìtàn alájọ kan
tó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri, tí kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀,
tí kò sì ṣi kọ́bọ̀ san rí.
Orí kan ṣoṣo ló fi rántí gbogbo èèyàn.
Ẹ̀rọ yìí ní ẹgbẹ̀rún orí, ó gbàgbé mi.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo bọ́ aago ọwọ́ mi,
èyí tí bàbá mi fi sílẹ̀,
mo gbé e síwájú Ìyá Ṣùwébátù.
Ó wo aago, ó wò mí.
"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"
Mo ní, "Ó ń lọ."
Ó kó bébà fún mi, kò wí nǹkan mìíràn.

A tẹ̀ ẹ́ títí àkùkọ fi kọ.
Múfútàù ń ṣẹ́ ẹ, mo ń kàn án,
ojú màmá náà ń jáde, ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀rín.
Mo ní: Màmá, ẹ máa rìn o,
ẹ má gba ọ̀nà tí owó yín gbà.

Aago mẹ́fà, Gbádégẹṣin wá kó o.
Kò lè wo ojú mi.
Ó fa ìwé kan ya, ó kọ àdírẹ́ẹ̀sì ilé rẹ̀ sí i,
bẹ́ẹ̀ ni n ò bèèrè.

Òru ọjọ́ Àìkú, fóònù tàn lábẹ́ ìrọ̀rí.
Ìyàwó mi tají. "Ta nìyẹn?"
Mo wò ó. Ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án, ó dín àádọ́ta náírà.
"Àlejò ni. Ó ní ọ̀nà jìn."
Ó kọjú sí ògiri. "Ṣé ó ti jẹun?"
"Ó jẹ àádọ́ta náírà lọ́nà."

Mo gbé ọwọ́ sókè kí n wo aago tó lù.
Ọrùn ọwọ́ lásán ni mo bá.