Irin Tó Dógùn-ún

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí wọ́n kun ẹnu pọ́ǹpù wa lọ́dà pupa.
Akọ̀wé ìjọba fọn fèrè mọ́tò, ó lọ.
Pupa: ẹ má mu ún.
Ṣùgbọ́n omi náà mọ́ gaara,
ó tutù nínú oòrùn Murshidabad,
ìyá mi sì ní, "Ohun tó ń pani kì í dùn báyìí."

Ó ń dùn. Ó ń pani.
Àtẹ́lẹwọ́ Tarapada, ẹ̀gbọ́n bàbá mi,
so kókó wínníwínní bí ẹni fọ́n ọkà bàbà sí i,
títí kò fi lè di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ akẹ́rù rẹ̀ mú mọ́.

Lẹ́yìn òjò ni Mahua Kundu dé láti yunifásítì ní Kolkata,
irin pẹlẹbẹ mẹ́jọ lábíyá, wáyà pupa, wáyà dúdú.
Ó ní òun ń wá bátìrì.
Tarapada yọ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fún un:
"Kò kúkú ṣe nǹkan kan lọ́dọ̀ mi."
Èmi ni mo di garawa mú.

Iná wọ inú irin.
A kò rí i. Irin la rí, tó ń tú ara rẹ̀ ká díẹ̀díẹ̀
bí ẹni ń san gbèsè tí kì í ṣe tirẹ̀,
títí omi fi pọ́n bí tíì tí wọ́n gbàgbé lórí iná.
Gbogbo àdúgbò bú sẹ́rìn-ín:
a gbé omi mímọ́ fún ọ̀mọ̀wé,
ó sọ ọ́ di omi àdá dídógùn-ún!
Mahua kò fèsì. Ó ní kí a lọ sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, pupa ti rọ̀ sísàlẹ̀ garawa,
ó gbá májèlé mọ́ àyà, kò jẹ́ kó lọ.
Ohun tí a ń fi yanrìn ha kúrò lára àdá,
òun ló ṣe é.
Bébà tó máa ń pọ́n rúsúrúsú lójú wa dúró ní funfun.
Ìyá mi tọ́ ọ wò. "Bí ẹni lá ìṣó ni," ó ní,
ó sì tún bu òmíràn.

Ẹ má bi mí bóyá ó ti tán.
Májèlé kì í kú; ilé ló ń pààrọ̀.
Àgbá ẹrẹ̀ pupa mọ́kànlá ló wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́.
Mahua ń pò ó mọ́ bíríkì, ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń kọ, ó ń pa á rẹ́,
kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kọ́lé.

Tarapada kò rí àgbá kejì.
Orúkọ tó fi ọ̀dà funfun kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì ṣì wà níbẹ̀.
Láràárọ̀, kí n tó so wáyà,
mo máa ń nù ún.
Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ti ń bó;
n kì í fi aṣọ kàn án.