Ihò Sukúrúù Méjì

Ihò sukúrúù méjì ló wà níwájú rẹ̀,
níbi tó yẹ kí orúkọ wà.
Wọ́n ń wò mí bí ojú ẹni tó bi mí ní ìbéèrè,
tó sì ní àsìkò láti dúró.

Oṣù Kẹfà ni ìyá wa kú, nínú òtútù.
Èmi àti Rubén pín ẹrù ilé ní Fray Bentos,
ilé kékeré etí odò, lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ ẹran agolo
tó ti kógbá sílé kí wọ́n tó bí wa.
Rubén mú tábìlì, ó mú àga, ó mú ìkòkò irin.
Ó ní, "Giramafóònù yìí ńkọ́? Ta ló ṣe é?
Bó bá jẹ́ ti àwọn Jámánì, owó ni.
Bó bá jẹ́ ti ibí, igi ìdáná ni."

Mo gbé e sórí ìwé ìròyìn.
Mo fi aṣọ tútù nu ìdérí, mo ń ka ohun tí mo rí:
kọ́kọ́rọ́ ohùn mẹ́rin, ọ̀kan ti sọnù,
bọ́tìnnì ẹ̀wù òtútù ni wọ́n fi dípò rẹ̀;
33, 45, 78, eré mẹ́ta tí àwo lè sá.
33 kò tíì dé nígbà ogun,
a jẹ́ pé lẹ́yìn ogun ni.
Nọ́ńbà kan wà lábẹ́ mọ́tò: 20417.
Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé owó iná.

Mo gbé e lọ bá Milton Etcheverry, ẹni ọgọ́rin ọdún,
tó ti ń tún rédíò ṣe láti ìgbà tí rédíò
máa ń gbóná kó tó sọ̀rọ̀.
Ìka rẹ̀ kan ṣẹ́kù sí ilé-iṣẹ́ ẹran.
Ó mu mátè rẹ̀ títí omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú fúláàsì,
kò fọwọ́ kan nǹkan kan.
Lẹ́yìn náà ó tẹ etí ti igi. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀.
"Mọ́tò yìí, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì.
Ọwọ́ tó gbé abẹ́rẹ́ yìí, ọmọ Họ́láńdì.
Gílóòbù méjèèjì yìí, láti Buenos Aires ni wọ́n ti sọdá,
lóru, lábẹ́ àpò ìyẹ̀fun.
Mo ti tún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ṣe, ọmọ mi,
n kò rí èyí tó ní ìyá mẹ́ta rí."

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.
Ó tú ẹ̀yìn àpótí, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i.
Lẹ́tà dúdú ńláńlá dorí kodò nínú igi:
ẸRAN AGOLO. MÁ ṢE JẸ́ KÓ TUTÙ.
Milton ní, "Kò sílé-iṣẹ́ tó ṣe èyí,
àfi èyí tí gbogbo wa ti ń jí pákó gbé."

Lábẹ́ lẹ́tà náà, pẹ́ńsù, ọwọ́ ìkọ̀wé
tí mo mọ̀ láti ẹ̀yìn fọ́tò:
Elbio, bàbá ìyá mi, tí kì í sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ,
ẹni tí wọ́n ní ó le bí eegun màlúù.
*Oṣù Kẹjọ, 1957. Fún Nélida,
kó má baà lọ gbọ́ orin nílé Sosa mọ́.*

N kò mọ ẹni tí Sosa jẹ́.
Milton mọ̀ ọ́n. Ó bojú wo ilẹ̀.
Mo bi í. Ó ní omi fúláàsì òun ti tán.

"Orúkọ iwájú ńkọ́? Ta ló tú u?"
Ó ki abẹ́rẹ́ bọ ihò àkọ́kọ́, ó ki í bọ ìkejì.
"Kò séyìí tó jìn. Sukúrúù kò wọ ibẹ̀ rí.
Ó kàn lù wọ́n bẹ́ẹ̀ ni,
kí àlejò lè rò pé orúkọ kan já bọ́."

Rubén pè mí nírọ̀lẹ́:
"Ti Jámánì ni, àbí ti ibí?"
Mo fi ìka di ihò kan, mo fi òmíràn di ìkejì.
Mo ní igi ìdáná ni.
Ó ní, "Ó dáa. Máa gbé e lọ."