Ẹ̀yìn Kan Ilẹ̀ ní Ṣómólú

Èmi ni mo tẹ ìwé ètò náà,
igba ẹ̀dà, bébà dídán, àwọ̀ méjì péré
nítorí owó Kóòṣì Anímáṣahun kò ká ẹ̀kẹta.
Orúkọ mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ló kó fún mi,
àwọn tó ti gba ife ẹ̀yẹ náà rí,
láti ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ ẹní rẹ̀
ní ìlú oníyanrìn kan lókè òkun,
tí ọlọ́rọ̀ kan ní kí onígídígbò gbogbo ayé wá,
kí onímùúlẹ̀ wá, kí oníjùúdò wá,
kí wọ́n gbé orúkọ iṣẹ́ wọn kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà,
ká wo ẹni tó mọ ara ènìyàn í dì, tó mọ̀ ọ́n í tú.

Orúkọ wọn há mi lẹ́nu.
Ará Bùràsíìlì, ará Amẹ́ríkà, ará Jàpáànù,
ọ̀kan ní lẹ́tà méjìlá, fáwẹ̀lì rẹ̀ kò ju méjì.
Mo tò wọ́n: ọdún, ìwọ̀n ara, orúkọ, ìlú.
Nísàlẹ̀ pátápátá, àyè ìlà kan ṣẹ́kù.
Mo fẹ́ fi òdòdó dí i.
Kóòṣì ní, “Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n.
Ṣégilọlá ló ni ín.”

Ṣégilọlá! Ọmọ tó ń bá mi gé bébà,
tó máa ń gbàgbé ìpápánu rẹ̀ sórí ẹ̀rọ mi!

Lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé mi ni wọ́n ti ń kọ́ ọ,
lórí fóòmù àtijọ́ tí wọ́n fi tapólì bò.
Bí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ dákẹ́,
èémí wọn ni mo ń gbọ́, àti awọ ara lórí tapólì,
lẹ́yìn náà, ọwọ́ kan:
pá, pá, pá.
Ìyẹn ni pé, ó tó. Tú mi sílẹ̀.

Mo kọ́kọ́ pè é ní ojo.
Baba mi ja ẹkẹ ní Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà èwe rẹ̀.
Ní tiwọn, kí ẹ̀yìn kan ilẹ̀, ó bùṣe,
a gbọn yanrìn nù, a lọ mu omi.
Ẹ̀yìn Baba mi kò kan ilẹ̀
lọ́jọ́ tí Ọ̀sẹ́nì Alápatà gbá a lápá mú.
Apá ló dá.
Títí ó fi kú, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kò ká dé ẹnu,
ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun,
ó sì ń sọ ọ́ fún àlejò bí ẹni sọ ìtàn ìṣẹ́gun.
Èmi tí mo ń bá a de bọ́tìnnì
kì í bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ ìyege, Róòpáàkì ní Yábàá,
òun àti ọmọ Íjíbítì kan ló kù.
Ẹ̀yìn Ṣégilọlá kan ilẹ̀, gbì!
Bàbá kan nítòsí mi dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀.
Mo fà á láṣọ:
“Ẹ jókòó, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.”
Láti ìsàlẹ̀ ló ti ń jà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ́ bí ìtàkùn,
a kígbe, a kígbe,
àfi bí ọmọ Íjíbítì ṣe yí bìrí,
tí ó gbá apá ọ̀tún mọ́ra, tí ó nà án.
Ó nà án sí i.
Ìgbọ̀nwọ́ Baba mi ni mo rí.
Mo ní, Ṣégi, lu ilẹ̀.
Mo ní, Ṣégi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́.

Pá, pá, pá.

Àwọn kan pòṣé. Èmi pàtẹ́wọ́
títí wọ́n fi ń wò mí bí ẹni tí kò mọ ìdíje.

Lọ́jọ́ Ajé ó dé, ojú rẹ̀ wú, kò bá mi sọ̀rọ̀.
Ó gé bébà rímù mẹ́rin.
Ó mú ọ̀kan nínú ìwé ètò tó ṣẹ́kù,
kò wo ìlà òfìfo náà rárá,
ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń fi ṣírò owó táǹdà,
ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń kọ nọ́ńbà,
ó ń ká, ó ń nà.