Alẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ìṣẹ́gun lorúkọ ọjọ́ tí wọ́n pín fún mi,
agogo méje alẹ́ sí mọ́kànlá.
Ta ló ṣẹ́gun ta, n kò bèèrè.
Mo bọ́ bàtà yìnyín sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà,
mo wọ sálúbàtà tí kì í dún,
mo fọ ọwọ́ mi dé ìgbọ̀nwọ́.
Ilé onípákó ni, ní ìlú Brandon, ní Manitoba,
yàrá márùn-ún, ibùsùn márùn-ún.
Kò sí ẹni tó ń ti ibẹ̀ padà sílé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ wa níṣẹ́ tí kò lówó oṣù,
Ìyáàfin Doreen Falk gbé ìwé pélébé kan lé wa lọ́wọ́:
Ẹ má ṣèlérí. Ẹ má sọ pé ara á yá.
Ẹ jókòó. Ẹ gbọ́.
Ẹ̀yin tí ẹ gbédè mi, ẹ bá mi wò ó:
kí ni ahọ́n Yorùbá fẹ́ ṣe nínú yàrá aláìsàn
bí a bá já "Ọlọ́run á wò ọ́ sàn" gbà lẹ́nu rẹ̀?
Àwa tí a kì í pe ikú lórúkọ,
tí a ní erin wó,
tí a ní ó re ibi àgbà ń rè.
Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bu ètè jẹ.

Yàrá kẹrin: Orest Hrynchuk, àgbẹ̀,
ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún.
Ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí àwo oúnjẹ,
kò sì lè gbé ṣíbí mọ́.
Mo ń ki fóòmù bíńtín orí igi bọ omi,
mo fi ń pa á létè,
ó ń mu ún bí ọmọ tuntun.
Ọmọ rẹ̀ wà ní Calgary. Ìjì yìnyín
kò jẹ́ kí bàálù gbéra.

Nígbà tí ìyá mi ń lọ, ní Ìrágbìjí,
ìwé mi wà lórí tábìlì ẹnìkan ní Ottawa.
Aládùúgbò kan ló dì í lọ́wọ́ mú.
Títí dòní n kò mọ orúkọ obìnrin náà.
Gbèsè ni mo ń san, díẹ̀díẹ̀,
fún ẹni tí kò yá mi ní nǹkan kan.

"Sọ̀rọ̀," ni Orest wí lálẹ́ ọjọ́ kan.
"Èdè ilé yín. Kò ní yé mi, má dààmú."
N kò mọ oríkì rẹ̀. Mo bá ṣẹ̀dá a:
Ọmọ a-dúró-de-yìnyín-kó-tó-túlẹ̀,
ọmọ a-gbin-àlìkámà-kún-ọkọ̀-ojú-irin,
ẹni tí ó ń ro oko títí òṣùpá fi wọ̀.
Ó ní kí ni mo wí. Mo túmọ̀ rẹ̀.
Ó mirí. "Àlìkámà kọ́. Ọ̀gbọ̀ ni.
Búlúù ló máa ń tanná. Wàá rò pé adágún ni."
Mo tún un ṣe:
Ọmọ ọlọ́gbọ̀ tó ń tanná bí adágún.
"Ó kù díẹ̀," ló wí. "Fi Marusia sí i."
Ìyàwó yín?
"Ajá mi."
Mo fi ajá sí i.
Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ gbé ẹ̀rín náà lọ,
a jọ dúró de ikọ́ náà kó tán.

Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e,
wọ́n ti tẹ́ ibùsùn. Wọ́n ṣí fèrèsé
níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan,
nínú òtútù tó ń bu etí jẹ.
Doreen ní ọmọ rẹ̀ bá a láàárọ̀ Sátidé,
ó kù wákàtí méjì.
Mo dúró, mo kí i látòkè délẹ̀,
tọ̀gbọ̀, tajá.
Kò sẹ́ni tó tún mi ṣe.

Ìyá kan ní yàrá kejì
fẹ́ kí n bá òun ya irun.
Ó ní kí n rọra, ó ti fọ́nnáhàn.
Mo lọ fọ ọwọ́ mi dé ìgbọ̀nwọ́.