Méjì Ni Wọ́n Lágbàlá Fálùyì

Ọjọ́ mẹ́tàlá gbáko ni mo fi ń lọ, tí mo ń bọ̀
lágbàlá Fálùyì, lẹ́yìn Àjílosùn,
níbi tí ọkọ̀ méjì dúró sí lábẹ́ páànù,
tí wọ́n ń wò mí bí ọmọ ológbò.

Ọ̀kan pupa, Pọ́ṣè, ó pọn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sẹ́yìn
bí abiyamọ tí kò fẹ́ kí ọmọ rí iwájú.
Ọ̀kan dúdú bí aró, Másídà ẹlẹ́ni méjì,
òrùlé rẹ̀ ń ká bí ẹní,
ó kéré débi pé bí mo bá gbé e wọlé
yóò sùn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mí.
Èmi ni mo ń kun aláìsàn lóorun ní ọsibítù Ìdó
kí oníṣẹ́ abẹ tó mú ọ̀bẹ.
Ogún ọdún ni mo fi wa Kọ̀rólà kan
tí kò bú mi rí, tí kò sì yìn mí rí.
Mo ní kí wọ́n tó máa dì mí mú sọ̀kalẹ̀,
kí èmi náà jókòó sínú ohun tó ń kùn bí agbọ́n.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ̀ ọjọ́ ọdún ni mo ń wá.
Ti ọjọ́ Ajé ni, aago mẹ́fà àárọ̀,
Adó sí Ìwòròkò, Ìwòròkò sí Ìfàkì, ó di Ìdó,
nígbà tí ìkùukùu bá jókòó sórí títì
bí ẹni pé òun ló san owó ọ̀dà.

Mo kọ́kọ́ wa pupa. Mo rọra tẹ̀ ẹ́,
ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ àga,
igi ẹ̀bá ọ̀nà di ògiri kan ṣoṣo,
mo ń dá rẹ́rìn-ín bí wèrè.
Àfi gálọ́ọ̀pù Ìwòròkò.
Mo fì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rá bí ìgbín,
síbẹ̀ ikùn rẹ̀ họ títì háráhárá.
Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní, "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o."
Ọkọ̀ ló gbọgbẹ́, èmi ni wọ́n kí.

Másídà fò ó kọjá bí ewúrẹ́ tó mọ ilé.
Eré rẹ̀ kò tó ti ìyẹn, àmọ́ mo mọ̀ pé mo ń wakọ̀:
ní kọ́nà tó ṣáájú Ìfàkì, ó tẹ̀lé ọwọ́ mi
kí n tó parí èrò.
Òjò dé. Òrùlé há.
Mo dé ibi iṣẹ́ tòun ti omi nínú bàtà,
aláìsàn orí bẹ́ẹ̀dì ló ń bi mí bóyá ara mi yá.

Fálùyì ní, "Ọ̀gá, ẹ mú èyí tó wù yín."
Ìyọnu ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Ohun tó wuni
kì í sọ iye tí bíréèkì rẹ̀ jẹ́.
Jégédé mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Pọ́ṣè,
àyè ẹrù lásán ló bá níbẹ̀,
ó figbe ta pé wọ́n ti jí ẹ́ńjìnnì gbé.

Ní Sátidé, Fálùyì wa ọ̀kan, mo wa èkejì,
a lọ fi wọ́n han ìyá mi ní Ìrè.
Ó yí wọn po lẹ́ẹ̀mejì, orúnkún rẹ̀ ń ké.
Kò béèrè eré, kò béèrè iye.
Ó ní, "Ọmọ mi, níbo luṣu á jókòó?"

Lẹ́yìn náà ló nàka sí dúdú.
Ó wọ̀ ọ́ bí ẹni ń sọ̀kalẹ̀ sódò.
A ká òrùlé. A dé ẹ̀yìn ìlú,
atẹ́gùn já gèlè rẹ̀ gbà,
ó rẹ́rìn-ín kan tí n kò gbọ́ láti ọjọ́ tí bàbá ti kú.
Ènìyàn mẹ́ta ló fà á jáde.

Mo ra dúdú.
Kọ̀rólà ṣì wà fún òjò àti iṣu.
Bí mo bá sì ń kọjá ní Àjílosùn,
apá òsì ni mo máa ń wò.
Apá ọ̀tún ni pupa wà.