Igi Tí Wọ́n Fà

Ẹ súnmọ́ bí, ẹ fi ṣọ́bìrì sílẹ̀ ná.
Akíndùúró, pa ẹ̀rọ yẹn, kí etí lè gbọ́.
Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún dígí ọkọ̀ mi láàárọ̀
láti Ìjọ̀kà títí dé etí odò Àlà,
kò jáde dáadáa lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́tà dé láti Alágbàká lọ́sàn-án àná.
Ìlà mẹ́rin péré. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta,
mo tún yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò,
bóyá wọ́n kọ nǹkan gidi síbẹ̀.
Wọ́n ti fagi lé afárá wa.

Igi!
Àwa tá a ti ń ru pákó láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀,
tí ẹ̀gún igi wọ Aládé lọ́wọ́ títí ọwọ́ fi wú,
a kò mọ̀ pé igi tó máa wúwo jù
ni èyí tí báírò fà sórí ìwé,
tín-ín-rín, kò tó irun imú ológbò.

Ẹ má bi mí pé ta ló jẹ̀bi.
Wọ́n ní owó kò tó. Wọ́n ní àwòrán mìíràn ń bọ̀.
Mi ò rí àwòrán kankan, mi ò sì ní parọ́ fún yín.
Ohun tí mo mọ̀ ni pé kì í ṣe ọwọ́ yín:
òpó mẹ́ta tẹ́ ẹ rì sínú omi yìí,
mo ta okùn ìwọ̀n sí i lára,
kò yẹ̀ tó ìbú èékánná.

Owó ọ̀sẹ̀ méjì ló wà nínú àpò yìí.
Ti ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ti kọ orúkọ kálukú sílẹ̀;
ẹnu ọ̀nà wọn ni mo máa jókòó sí.
Ìyá Ọmọ́táyébí, yanrìn típà mẹ́jọ tẹ́ ẹ já,
ẹ wá kó ìyókù, kí òjò tó dá a padà fódò.
Fátúyì, ìwọ tó fi ọ̀gá rẹ sílẹ̀ ní Ìdànrè
torí pé mo pè ọ́,
ìwọ ni mi ò tíì lè wò lójú.

Ọmọ iléèwé kan kígbe sí mi níjẹta láti òdìkejì,
bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, omi dé e lórúnkún:
“Ìgbà wo ló máa parí?”
Mo gbé ìka méjì sókè.
Oṣù méjì ni mo ní lọ́kàn.
Ìka méjì náà rèé, mi ò mọbi tí màá kó wọn sí.

Kí ló dé, Akíndùúró?
Kọnkéré tó wà nínú ẹ̀rọ?
Òótọ́ ni, kò ní dúró de ẹjọ́ wa.
Ẹ gbé pákó méjì wá.
Ẹ jẹ́ ká dà á síbi tí àwọn ọmọ ń gbà sọ̀ kalẹ̀ yẹn,
níbi tí ẹrẹ̀ ti ń gbé wọn ṣubú.
Àtẹ̀gùn kan, bóyá méjì.
Kò sí nínú ìwé wọn,
wọn ò ní rí ibi fagi lé e.
Ó yá, ó ti ń dì.